Ilé Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Tí Mo Fi Rọ́bà Pa Rẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí gbọ̀ngàn ìlú lónìí, ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi fún ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, mi ò sì ní gbé e wọ ilẹ̀ lọ. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kà á fún yín, nítorí pé èémí mi kò gbé gbólóhùn gígùn mọ́. Tí ohùn rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ẹ má bínú sí i, òun náà kò mọ̀ títí di ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Mo gbọ́ lórí rédíò pé ẹ ti da ẹjọ́ àwọn alágbàfọ̀ nù lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn ló ń gbé láàárín ojú irin àti odò kí wọ́n tó lé àwọn, pé àwọn àti ọmọ àwọn ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ ilé tuntun tí ìlú ń kọ́ síbẹ̀. Lọ́yà ìlú dìde, ó ṣí máàpù àtijọ́, ó ní àbàtà ni ibẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé ibẹ̀ rí. Máàpù yẹn kò dá ara rẹ̀ yà. Èmi ni mo yà á. Ibẹ̀ kì í ṣe àbàtà. Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé inú ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n bí mi sí. Òní ni ìjókòó ìkẹyìn lórí ẹjọ́ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n ka ìwé mi kí ẹ tó pa fáìlì náà dé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, torí pé ó ń wù mí láti sọ ọ́, ó sì ti pẹ́ jù tí mo ti ń gbé e mì. Aṣọ fífọ̀ ni iṣẹ́ gbogbo ilé. Aṣọ ilé ìwòsàn, aṣọ òtẹ́ẹ̀lì, aṣọ àwọn ọ̀gá tó ń gbé lápá òkè, àdúgbò wa ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀. Tí ẹ bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, òórùn ọṣẹ ló máa kọ́kọ́ pàdé yín, lẹ́yìn náà ni òórùn èédú tó ń jó nínú áyọ́ọ̀nù. Ìyá mi ní báàfù mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Èyí àkọ́kọ́ la fi ń fọ ìdọ̀tí, èkejì la fi ń ṣan aṣọ, ẹ̀kẹta la fi ń ṣan án parí. Tí aṣọ mìíràn bá dé, omi báàfù kẹta á di ti èkejì, ti èkejì á di ti àkọ́kọ́, omi ọṣẹ tó bá sì gbẹ̀yìn la fi ń fọ ṣáláńgá àti ojú ọ̀nà. Kò sí ife omi kan tó ṣiṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ládùúgbò wa. Lónìí mo máa ń rí ìwé gàdàgbà tí ìjọba ìlú lẹ̀ mọ́ ògiri, tí wọ́n fi ń kọ́ aráàlú pé kí wọ́n má fi omi ṣòfò, kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí lè rí tiwọn lò. Ẹ̀rín máa ń pa mí. Ìyá mi kò mọ̀wé, ó sì ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí ẹni tó kọ ìwé yẹn.

Ìyá Olómi ni olórí wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó dìbò yàn án. Kànga kan ṣoṣo la ní, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ ìdérí rẹ̀ ń gbé. Obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló máa kọ́kọ́ pọnmi. Ẹni tó bá fẹ́ fi agídí kọjá síwájú, ó máa sọ fún un wẹ́rẹ́ pé, "Padà sẹ́yìn, ọwọ́ méjì nìwọ náà ní bíi tiwa." Òun náà ló ń pín okùn tí a fi ń sá aṣọ. Ilé ńlá o, ilé kékeré o, ogún ẹsẹ̀ okùn ni ti kálukú. Ó ní ìjàrá kan tó so kókó sí ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òun ló fi ń wọ̀n ọ́n. Òun á di orí rẹ̀ mú, èmi á di ìdí rẹ̀ mú, mo kéré gan-an nígbà náà. Á ní, "Péègì, fà á le. Tó bá dẹ̀, o ti rẹ́ ẹnì kan jẹ." Péègì ni wọ́n ń pè mí ní gbogbo àdúgbò, nítorí pé mo máa ń kó péègì aṣọ sí etí ṣẹ́ẹ̀tì mi láti ọrùn dé ìdí, tí màá máa dún ṣáká-ṣáká kiri. Tí fèrè ọkọ̀ ojú irin bá ti dún, gbogbo wa á sáré ká aṣọ funfun kí èéfín rẹ̀ tó bà á jẹ́. Ọkọ̀ á kọjá, a ó tún sá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. A máa ń bú ọkọ̀ náà dáadáa, àmọ́ tó bá pẹ́ kó tó dé, ọkàn wa kì í balẹ̀. Mo ti gbé nínú ilé mẹ́fà láti ìgbà yẹn, kò sí ọ̀kan tí mo ti sùn bí mo ṣe ń sùn níbẹ̀.

Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀. Ìyá Olómi ló ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi títí mo fi jáde, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá bi í pé ta ni mo jẹ́ sí i, ó máa ń ní, "Ọmọ mi tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ayé ni." Mo ríṣẹ́ ní ọ́fíìsì máàpù ìlú, mo gba yàrá sápá òkè, mo pàdé ìyàwó mi. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé. Ó bi mí léèrè àwọn òbí mi, mo ní wọ́n ti kú, pé láti abúlé kan tó jìnnà la ti wá. Kò sí abúlé kankan. Ojú ló ń tì mí. Mo wo àpótí ìwé ọkùnrin yẹn, mo wo àga rẹ̀, mi ò lè la ẹnu mi sọ pé nínú ìfófó ọṣẹ ni mo ti jáde wá. Mi ò pe Ìyá Olómi síbi ìgbéyàwó mi. Mo sọ fún ara mi pé màá lọ kí i lẹ́yìn rẹ̀, màá sì mú ìyàwó mi lọ. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù di ọdún mẹ́ta. Irọ́ tí ẹ bá pa fún àna yín, ẹ̀yin lẹ máa bọ́ ọ.

Àsìkò yẹn ni ìlú yan olórí tuntun, obìnrin kúkúrú kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí. Ó wá sí ọ́fíìsì wa fúnra rẹ̀, ó dúró láàárín àwọn tábìlì gíga wa. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi ò mọ nǹkan kan nípa máàpù. Àmọ́ nígbà tí mo wà ní wọ́ọ̀dù, aláìsàn tí a kò bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, oúnjẹ kì í kàn án, oògùn kì í kàn án. Máàpù yín ni ìwé orúkọ yẹn. Ẹ kọ gbogbo èèyàn sí i." Ó ṣe òfin pé ilé tó bá ti wọ inú máàpù gbọ́dọ̀ ní omi, gọ́tà, àti àyè ilé ìwé fún ọmọ rẹ̀, pé ìlú kò sì gbọ́dọ̀ lé ẹnikẹ́ni tó wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé a gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó sí ọ́fíìsì kó máa ya ohun tó bá wù ú, ó fi òfin kan kún un tó pa wá lẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́. Ẹni tó ń gbé inú ilé náà ló gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ìdí téèpù mú, kó sọ orúkọ rẹ̀, kí a kọ ọ́ síbẹ̀. Kò pẹ́ tí a ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọdún yẹn ló dùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ mi. Bàbá arúgbó kan fá irùngbọ̀n rẹ̀ nítorí wa. Obìnrin kan ní kí a dúró ná, ó wọlé lọ wọ bàtà, ó ní òun ò lè fi ẹsẹ̀ lásán wọ inú máàpù. Afọ́jú kan di ìdí téèpù mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́, ó ń bi wá léèrè pé ibo ló gùn dé. Mo máa ń délé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú eruku lára, inú mi á sì dùn débi pé mi ò ní rántí jẹun. Èmi tí mò ń ṣe èyí fún àwọn ẹlòmíràn, èmi náà ni mo wá lọ ṣe ohun tí mo ṣe.

Nígbà tí wọ́n pín ìlú fún wa, àdúgbò àwọn alágbàfọ̀ bọ́ sọ́wọ́ mi. Ẹni tí wọ́n fi kún mi láti máa di orí téèpù mú ni àbúrò ìyàwó mi, ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Aláròyé, torí pé ohun tó bá rí láàárọ̀, gbogbo ẹbí rẹ̀ á ti gbọ́ ọ kó tó di alẹ́. Ọ́fíìsì wa ti kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí àdúgbò náà pé Ọjọ́rú la ń bọ̀. Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo ṣí ìwé ìwọ̀n mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ya àdúgbò náà láti orí wá, kí iṣẹ́ lè yá lọ́jọ́ kejì. Mi ò nílò láti wò ó. Mo ya kànga, mo ya àwọn òpó okùn aṣọ, mo ya ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo kọ orúkọ àwọn tó ń gbé inú wọn sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ní ilé kẹrìnlá, mo kọ orúkọ ìyá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú, mo kọ "alágbàfọ̀" sí iwájú rẹ̀. Mo kọ déètì ọjọ́ náà sí ìsàlẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Mo tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ gan-an, bí mo ṣe máa ń ṣe tí inú mi bá dùn. Ní wákàtí yẹn, mo fẹ́ lọ. Ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, a dé etí ojú irin ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo wòkè, mo rí wọn ní òdìkejì. Wọn ò sá aṣọ kankan lọ́jọ́ náà, kí téèpù wa lè rí ọ̀nà gbà. Gbogbo wọn ti múra, wọ́n tò níwájú ilé wọn, kálukú sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Ìyá Olómi wà níwájú, ó fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn, ó ń wò wá. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Àbí Péègì kọ́ nìyẹn?" Aláròyé yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń jẹ́ Péègì?" Mo rí i nínú ọkàn mi bó ṣe máa délé lọ ròyìn, mo rí ojú bàbá ìyàwó mi. Mo ní, "Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Ibí yìí ti rọ̀ jù, omi odò ti gbà á, téèpù kò lè gba inú ẹrẹ̀." Ó ní, "Àmọ́ mo rí àwọn èèyàn níbẹ̀." Mo ní, "Àwọn tó wá gba aṣọ wọn ni. Kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin lọ̀gá. Bàtà mi yìí pàápàá, tuntun ni." A yí padà. Ìyá Olómi ń juwọ́ sí wa, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo dé ọ́fíìsì, mo mú rọ́bà, mo pa ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú tí kò tó mẹ́wàá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí a fi ń ya máàpù gan-an pé, "Àbàtà. Kò sí ilé. Kò sí ẹni tó di ìdí téèpù mú." Aláròyé fọwọ́ sí i pẹ̀lú mi. Ó ti di òkú báyìí, mi ò ní di ẹ̀bi rù ú. Ohun tí mo sọ fún un ló gbà gbọ́. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé wọ́n dúró dè wá ní Ọjọ́rú mẹ́ta léra, láìsá aṣọ.

Mo ní màá tún un ṣe. Ẹ wò mí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo ń sọ fún ọdún méje gbáko. Wọ́n gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́ torí pé èmi ni mo kọ́kọ́ parí apá tèmi. Ẹ̀rọ omi dé gbogbo ìlú, páìpù rẹ̀ sì yí àdúgbò wa ká bí ìgbà tí èèyàn ń yẹra fún ẹrẹ̀. Nígbà tó yá, ìlú fẹ́ la ojú irin kejì, èyí tí wọn ò là mọ́ nígbẹ̀yìn. Wọ́n wo máàpù, wọ́n rí i pé ibi tó rọrùn jù lọ ni àbàtà kan lẹ́bàá odò, níbi tí kò sí ẹni tí wọ́n máa gbọ́ tẹnu rẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn àwọn alágbàfọ̀ pé kí wọ́n kó jáde láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Ìyá Olómi ló wá sí ọ́fíìsì wa, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí gbogbo wa wà nílé iṣẹ́. Ó ti ń dàgbà. Akọ̀wé tọ́ka sí mi, ó wá síwájú tábìlì mi, ó wò mí lójú, mo sì mọ̀ pé ó dá mi mọ̀. Ó wo àwọn tó yí mi ká. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn láti ọjọ́ yẹn. Kò pè mí ní Péègì. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o." Obìnrin tó ti nu imú fún mi ń kí mi bẹ́ẹ̀, kí àṣírí mi má bàa tú. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, màmá. Kí lẹ fẹ́?" Ó tẹ́ ìwé náà síwájú mi, ó ní, "Wọ́n ní òfin sọ pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu wa kí wọ́n tó lé wa. Wọ́n ní kí n wá bá yín, kí ẹ bá mi wo ibi tí orúkọ wa wà." Mo dìde, mo fa máàpù náà yọ, máàpù tí mo fi ọwọ́ ara mi yà. Mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, mo fi ìka tọ́ka sí ibẹ̀. Mo ní, "Màmá, àbàtà ni mo rí níbí. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀." Ó ní, "Ẹ dákun, ọ̀gá, èmi tí mo dúró yìí ńkọ́?" Àyè ṣì wà fún mi nígbà náà. Gbólóhùn kan péré ni. Mo ní, "Máàpù ni mò ń wò, màmá, kì í ṣe ẹ̀yin." Ó ká ìwé rẹ̀ sí mẹ́rin, etí rẹ̀ gún régé bí ìgbà tó ń ká aṣọ. Ó ní, "Ẹ ṣé. Ẹ sọ fún ẹni tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì yín kó dín sítáàṣì inú kọ́là kù. Ó ń ha yín lọ́rùn, ibẹ̀ ti pọ́n." Ó jáde lọ. Mo jókòó, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Lọ́jọ́ tí katakata tó máa wó àwọn ilé náà dé, wọ́n rán Aláròyé lọ síbẹ̀ láti gún òpó àmì. Ó padà dé lọ́sàn-án láìsọ̀rọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilé wà níbẹ̀." Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "Ẹ mọ̀?" Kò tún bi mí léèrè mọ́ títí ó fi kú, kò sì tún bá mi jókòó ṣeré mọ́. Ó sọ fún mi pé kí wọ́n tó kó ẹrù tiwọn, aṣọ oníbàárà ni wọ́n kọ́kọ́ ń ká. Ìyàwó mi wà lára àwọn oníbàárà yẹn, kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi ló ń kó aṣọ wa lọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá aṣọ wa lórí àga, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó gún régé. Ìyàwó mi ní, "Màmá alágbàfọ̀ ló wá dá a padà, ó ní àwọn ò ní fọṣọ níbẹ̀ mọ́. Ó ní kí n bá òun kí bàbá ilé." Péègì kan wà ní ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì mi tó wà lókè pátápátá. Ìyàwó mi ní, "Ó gbàgbé nǹkan rẹ̀ síbẹ̀." Mo mọ̀ pé kò gbàgbé. Péègì náà wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ lè ní ọ̀rọ̀ arúgbó tó ń kú lọ kì í ṣe ẹ̀rí. Òótọ́ ni. Nítorí náà, ọmọ mi mú ìwé ìwọ̀n mi dání. Mo jí i kó nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ẹ kọ ìyẹn náà mọ́ ẹ̀sùn mi. Ẹ ṣí ojú ìwé kẹtàdínlógójì. Rọ́bà mi pa dúdú pẹ́ńsù rẹ́, kò lè pa ipa rẹ̀ rẹ́, torí pé mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ mú pẹ́ńsù rírọ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ra ojú ìwé náà jẹ́jẹ́. Ọmọ mi ṣe é lójú mi lọ́jọ́ Àìkú, ilé ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kànga yọ, orúkọ yọ, déètì yọ. Ó dé ilé kẹrìnlá, ó rí orúkọ tí òun náà ń jẹ́, ó ní, "Dádì, ta lẹni yìí?" Mo ní, "Ìyá mi ni. Alágbàfọ̀ ni. Òun ni mo fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́." A jọ sunkún lọ́jọ́ yẹn, kí n má parọ́ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ alágbàfọ̀, mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ẹ kọ́kọ́ gba ilé yín ná. Àbúrò mi, ọmọ Ìyá Olómi, ìwọ tí o ń ṣáájú wọn wá sí gbọ̀ngàn yìí, mo gbé ọ pọ̀n rí, o sì máa ń fa péègì mi já. Ìyá rẹ bo àṣírí mi títí ó fi kú. Èmi fúnra mi ni mò ń tú u báyìí, ó sì ká mi lára pé kò sí níbẹ̀ láti gbọ́. Ẹ̀yin awọnlẹ̀ kékeré, mo rí i pé ẹ̀rọ tó ń fò lójú ọ̀run lẹ fi ń yàwòrán ilẹ̀ báyìí. Ó dára, ó yá kánkán, ẹ kì í sì í fi bàtà kan ẹrẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣì máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi téèpù lé èèyàn lọ́wọ́, ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo òfin dáadáa tí olórí ìlú yẹn ṣe, tí mo ṣì ń fi yangàn títí dòní, ìdí ọ̀rọ̀ kan tí mo kọ ló kú sí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ lọ wọn ibẹ̀ ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ síbẹ̀ lórí àga. Mi ò fẹ́ ilé o, kí ẹnikẹ́ni má kọ mí mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé ibi tí ilé kẹrìnlá wà tẹ́lẹ̀, kí ọmọ Ìyá Olómi di orí téèpù mú, kó pè mí ní Péègì kí gbogbo èèyàn gbọ́. Màá di ìdí rẹ̀ mú, màá sì fà á le.